Ààwẹ̀ Ilé Wa

"Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde." Òwe yìí ni Màmá, ìyá-ìyá Hephzibah, fi jí i láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì nínú ilé wọn ní Redan, ní ìpínlẹ̀ Georgia nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìyá Hephzibah ti lọ shift nílé ìwòsàn, nítorí náà àwọn méjèèjì ló kù nílé.

"Àdùkẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì wa ń gbààwẹ̀ fún ilẹ̀ Amẹ́ríkà títí di ọjọ́ Àìkú," ni Màmá wí. Àdùkẹ́ ni oríkì tí wọ́n máa ń fi pe Hephzibah. "Ilé kọ̀ọ̀kan ló fi ẹnì kan sílẹ̀. Èmi ló yẹ kí n gbà á fún ilé wa."

"Màmá, ìtọ̀ ṣúgà tó ń bá yín fínra ńkọ́? Dókítà ní ẹ ò gbọdọ̀ lo oògùn láìjẹun. Èmi ni màá gbà á. Nǹkan kan ò ní kan ẹnu mi kí oòrùn tó wọ̀."

"Ṣé o ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí, Màmá."

Màmá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ẹnu rẹ ti di ẹnu mi nìyẹn. Àdùkẹ́, ọmọ onílé tí kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Ọmọ ẹni tó sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Máa lọ, Olúwa á tì ọ́ lẹ́yìn."

Nígbà tí iléèwé parí, ẹ̀gbọ́n Joanna fi ọkọ̀ gbé Hephzibah àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Joanna àti Samirah, lọ sí mall, ilé ìtajà ńlá kan ní ìlú Morrow. Kò pẹ́ tí wọ́n jókòó tí Joanna fi gbé apá adìẹ tí wọ́n fi ata pupa yí dé. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo àyíká kan.

"Mú ẹyọ kan, Heph."

"Mò ń gbààwẹ̀."

"Ààwẹ̀ kí ni?"

"Fún Amẹ́ríkà. Ká lè tún májẹ̀mú tí àwọn tó tẹ orílẹ̀-èdè yìí dó bá Ọlọ́run dá ṣe, kí ìsọjí lè dé."

Joanna bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ nìkan lo gbé Amẹ́ríkà rù ni? Girl, Amẹ́ríkà ò ní wó nítorí apá adìẹ kan!"

"Fi í sílẹ̀ jọ̀ọ́," ni Samirah wí. "Bí èmi bá ń gba ti Ràmàdáànì, o kì í yọ mí lẹ́nu."

"Torí mọ́mì ẹ á pa mí ni!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ti Hephzibah. Kò fẹ́ kí wọ́n máa wò ó bí ìyá ìjọ. Ó ní ẹyọ kan ni òun máa jẹ. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, egungun ló kù nínú ike.

Nígbà tó délé, oòrùn ti wọ̀, Màmá ti po ògì gbígbóná dè é, wọ́n sì bu mílíìkì púpọ̀ sí i. "Àdùkẹ́, o kú ìrọ́jú. Ebi ò lù ọ́ pa?"

"Mo gbìyànjú, Màmá."

Ògì náà dùn, ṣùgbọ́n ó fi ìdajì sílẹ̀ nínú abọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá Màmá nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun iléèwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, àbàwọ́n pupa kan sì wà létí apá rẹ̀.

"Kí ló ta sí ọ láṣọ?"

"Ọ̀dà ni, Màmá. A ya àwòrán ní kíláàsì."

Màmá wo aṣọ náà títí. "Ó dáa, Hephzibah."

Hephzibah! Láti kékeré rẹ̀, Màmá kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ó dúró kí Màmá pe Àdùkẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, Pásítọ̀ Akínjídé dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì. "Ará, a gbà gbọ́ pé àwọn tó tẹ ilẹ̀ yìí dó kúnlẹ̀, wọ́n sì fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kó wá sí oko òwú ní Georgia níbí náà ké pè é lórí ilẹ̀ kan náà. Ó gbọ́ ohùn àwọn náà. A ti da májẹ̀mú ọ̀hún, ṣùgbọ́n a ó tún un ṣe lónìí. Hephzibah ni yóò gbẹnu sọ fún àwọn ọ̀dọ́."

Hephzibah gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Olúwa, a kò ní dalẹ̀..." Òwe tí Màmá máa ń pa ló ń dún létí rẹ̀: ẹni tó bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ. Kó tó lè sọ ìyókù, nǹkan dún gbì níwájú. Màmá ti ṣubú kúrò lórí àga, òógùn bò wọ́n.

Aunty Bridget tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sáré dé, ó gún ìka wọn, ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. "Ṣúgà wọn ti wálẹ̀ jù! Ẹ bá mi wá omi ọsàn!"

Nígbà tí ojú Màmá là nínú yàrá ẹ̀yìn, Aunty Bridget bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé ẹ jẹun?"

"Mo lo oògùn. Mi ò jẹun láti àná. Àyè ilé wa ló ṣófo nínú ààwẹ̀ yìí, mo ní kí n dí i."

Hephzibah wólẹ̀ sẹ́sẹ̀ wọn, ó ń sunkún. "Èmi ni, Màmá! Mo jẹ adìẹ ní mall. Kì í ṣe ọ̀dà ló wà lára aṣọ yẹn."

"Mo mọ ata, ọmọ mi. Mo ti ń lọ̀ ọ́ kí n tó bí ìyá rẹ."

"Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí?"

"Mò ń dúró kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Hephzibah ju ẹgba lọ. Kì í ṣe adìẹ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Màmá, irọ́ ni. Òun tí kò lè pa àdéhùn tó bá ìyá àgbà rẹ̀ ṣe mọ́, òun ló gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn láti tún májẹ̀mú odidi orílẹ̀-èdè ṣe. Ìsọjí tí kò bá tinú ilé bẹ̀rẹ̀, kò lè dé ìgboro.

Aunty Bridget gbé ìrẹsì wá. Màmá fi ọwọ́ bo abọ́ náà. "Oòrùn ò tíì wọ̀," ni wọ́n wí.

Hephzibah rọra gbé ọwọ́ wọn kúrò lórí abọ́, ó sì bu ìrẹsì sínú ṣíbí. Ó nà án sí wọn.

"Mo gba ààwẹ̀ mi padà lọ́wọ́ yín, Màmá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹun."