Ohun Tó Há sí Ẹnu Ìbọn Yaqub

Ìbọn ni Sàrátù kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú ẹni tó gbé e. Ọkùnrin náà dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún ìbọn ṣe, oòrùn àárọ̀ Àgbójú ń tàn lẹ́yìn rẹ̀. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹrẹ̀ gbígbẹ wà létí ṣòkòtò rẹ̀. Ó ti ṣí ìbọn náà láti ìdí, ó gbé e kọ́ apá, kí ẹni tó bá wò ó lè rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Ṣé Alhaji Múrítàlá wà ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Bàbá mi ti lọ sí Ìlọrin. Ẹ mú ìwé àṣẹ ìbọn yẹn wá ká rí i ná."

Kì í ṣe pé Sàrátù ò ní ọ̀yàyà. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni oníbàárà kan búra níbí yìí pé ìbọn òun ṣófo. Ìka méjì ni bàbá Sàrátù pàdánù lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, ohun tí Sàrátù bá fojú ara rẹ̀ rí nìkan ló ń gbà gbọ́. Ó ti lé àfẹ́sọ́nà méjì lọ torí ìwà yìí.

Ìwé náà péye. Orúkọ ọkùnrin náà ni Yaqub, ọmọ Ìjẹgùn-Ẹ̀gbá. Ó ń sin ẹja, ó sì ń dá oko ẹ̀gẹ́ létí omi níbẹ̀. Ọ̀yà ló ń bá a jẹ ẹ̀gẹ́ náà.

Sàrátù gba ìbọn, ó wo inú rẹ̀ láti ìdí, ó sì gbé ẹnu rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ṣóòkù wà lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn páìpù irin kékeré tí wọ́n máa ń yí wọ inú ẹnu ìbọn láti pinnu bí ọta ṣe máa fọ́n ká. Èyí wọ́, ó yọrí síta díẹ̀, ó sì há gádígádí.

"Ta ló yí èyí wọlé?"

Yaqub fọwọ́ họ orí. "Èmi ni. Puláyà ni mo fi yí i."

Sàrátù tún wo ẹnu ìbọn náà. Kò rí ojú eyín puláyà kankan lára irin yẹn. Ó gbójú sókè, ó rí i pé ọkùnrin náà ti yíjú sí ògiri. Irọ́ ló ń pa. Kí ló wá fẹ́ fi irọ́ irú èyí ṣe?

"Ṣé ẹ ti yìn ín?"

"Rárá o. Bí mo ṣe rí i pé ó wọ́, mi ò jẹ́ fi ọta sí i."

"Ọlọ́run ló yọ yín. Ọta á kọlu etí irin yẹn, ọ̀pá ìbọn á sì bẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀. Ó máa tó ọjọ́ mélòó kan."

Bó ṣe lọ tán ni Wùnmí, aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, yọrí wọlé. "Ta nìyẹn? Ó dáa lójú ṣá."

"Òpùrọ́ ni," Sàrátù dá a lóhùn.

Kò fi òòlù lu ṣóòkù náà, kò sì fi iná sí i, torí ọ̀pá ìbọn fẹ́lẹ́, ó lè tẹ̀. Epo ló ń kán sí i láràárọ̀, tó ń dúró kó wọnú lọ. Ọjọ́ méjì-méjì ni Yaqub sì ń wá wo bó ṣe ń lọ. Ìgbà kejì tó wá, ó mú ẹja yíyan dání. Sàrátù wo ọ̀rá tí ẹja náà wà nínú rẹ̀ bí ẹni ń wo ìbọn tí kò ní ìwé.

"Kí lẹ fi sí i?"

Yaqub rẹ́rìn-ín. Ó bu ìrù ẹja kan, ó jẹ ẹ́, ó sì na ọwọ́ méjèèjì síta. "Mo ṣì wà láàyè, Àǹtí. Ṣé kí n jẹ orí náà sí i ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu Sàrátù, ó gbé e mì. Àmọ́ nígbà tí Yaqub lọ, ó jẹ ẹja náà, ó sì dùn dé ọkàn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù. Òpùrọ́ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń dùn mọ́ èèyàn ló léwu jù.

Ọjọ́ kẹjọ ni Alhaji Múrítàlá ti Ìlọrin dé. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ríntẹ̀rín, àfi bó ṣe fọwọ́ kan ìbọn orí tábìlì, tó ka orúkọ tí wọ́n so mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Dá èyí padà fún ẹni tó ni ín. Má sì jẹ́ kó wọ ibí mọ́."

"Kí ló ṣe, Bàbá?"

"Mo ní dá a padà, Sàrá!"

Bàbá rẹ̀ kò lé oníbàárà rí láti ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́. Sàrátù jáde síta, ó pe Yaqub lórí fóònù pé kó má wá lọ́la.

Ohùn Yaqub rọlẹ̀. "Ṣé Alhaji ti dé ni?"

Sàrátù kò sì tíì dárúkọ bàbá rẹ̀ rárá. Àwọn méjèèjì mọ ara wọn, wọ́n sì jọ ń fi nǹkan pa mọ́ fún un. Ṣé ìbọn yẹn ti ṣe iṣẹ́ ibi kan ni? Ṣé bàbá òun lọ́wọ́ sí i?

Kò dá ìbọn náà padà. Ọjọ́ kejì, nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ kírun ọ̀sán, ó fi aṣọ rírọ̀ wé ọ̀pá ìbọn, ó di ṣóòkù náà mú, ó sì rọra ń yí i síwá-sẹ́yìn. Ó yẹ̀, ó sì jáde. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é, àwọn ìlà tó wé yípo ara rẹ̀ kò bá ti ẹnu ìbọn mu rárá. Ẹni tó bá fojú wò ó dáadáa kò jẹ́ gbìyànjú ẹ̀.

Ihò mẹ́rin ló wà létí ṣóòkù, níbi tí sípánà ti máa ń wọlé. Mẹ́ta ti bó nítorí ipá. Ìkẹrin mọ́ bíi tuntun.

Sàrátù yí ojú sí ara ògiri. Sípánà bàbá rẹ̀ kọ́ síbẹ̀, ẹlẹ́yín mẹ́rin, ọ̀kan ti kán. Ó mú un, ó fi sí ihò náà. Ó bá ojú egbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu régí.

Ó jókòó sórí àpótí, sípánà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí bàbá rẹ̀ ṣe dé láti mọ́ṣáláṣí ní ìrọ̀lẹ́, ó bá Yaqub níbẹ̀. Sàrátù ló ránṣẹ́ pè é. Ó gbé ṣóòkù àti sípánà síwájú àwọn méjèèjì.

"Ta ló fẹ́ kọ́kọ́ sọ òótọ́?"

Alhaji Múrítàlá fọwọ́ kan sípánà náà. "Èmi ni mo yí i wọlé. Lọ́jọ́ tí o lọ kí àǹtí rẹ ní àdúgbò Raji Rasaki ni. Ojú ọ̀tún mi ò ríran dáadáa mọ́, Sàrá, látìgbà Iléyá. Mo rò pé ó bá a mu. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ fún ẹ, wàá gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

Omi dé ojú Sàrátù, ṣùgbọ́n Yaqub ló kọjú sí. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Alhaji ló ń tún ìbọn bàbá mi ṣe kí bàbá mi tó kú. Mi ò lè dúró níwájú ọmọ wọn kí n ní wọ́n ba ìbọn jẹ́. Mo dúró kí wọ́n lọ sí Ìlọrin ni, kí n lè gbé e wá bá yín."

"Ká ní mo gbà yín gbọ́ ńkọ́?" Sàrátù nàka sí ṣóòkù náà. "Ẹlòmíràn á gbé ìbọn wá, bàbá mi á tún fi ipá ti òmíràn wọlé, yóò sì bẹ́ mọ́ ẹni yẹn lójú. Àánú tí ẹ ṣe yẹn ì bá pààyàn!"

Yaqub forí kodò. "Mi ò rò ó débẹ̀. Ẹ foríjì mí."

"Ẹ máa lọ."

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, Yaqub kò wá, kò sì pè. Sàrátù mú bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò retí ẹnì kankan, síbẹ̀ gbogbo ìgbà tí òjìji bá bọ́ sí ẹnu ọ̀nà ló ń gbójú sókè.

Nígbà tó yá, ọdẹ àgbàlagbà kan láti Ìjẹgùn-Ẹ̀gbá wọlé, ìbọn rẹ̀ ní ṣíṣí lórí apá. "Yaqub ní kí n má yìn ín títí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò." Ní ìrọ̀lẹ́, ẹlòmíràn tún dé. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti di márùn-ún. Yaqub ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń wá gbogbo ẹni tí Alhaji bá tún ìbọn ṣe láti ọdún Iléyá. Kò mẹ́nu kan àìsàn ojú Alhaji fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ kò ju pé ọmọ Alhaji fẹ́ tún iṣẹ́ yẹ̀ wò lọ.

Ṣóòkù ìbọn kẹrin wọ́. Ọkùnrin tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. Sàrátù di ìbọn náà mú lọ́wọ́ títí, kó tó lè gbé e kalẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló pe Yaqub. "Ẹ wá gbé ìbọn yín."

Nígbà tó dé, Sàrátù kò gbé e fún un lásán. "Ẹ súnmọ́ ibí. Ẹ̀yin lẹ máa yí i wọlé, kí n lè rí ọwọ́ yín." Ó ti yan ṣóòkù tó fẹ̀ díẹ̀, torí ọ̀yà kì í jìnnà séèyàn nínú oko ẹ̀gẹ́, ó sì ti rí i dájú pé ìlà rẹ̀ bá ti ẹnu ìbọn mu.

Yaqub kọ́kọ́ wo ìdí ìbọn, kò sí ọta. Ó nu ìlà ẹnu rẹ̀ mọ́, ó fi epo díẹ̀ pa á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka yí i. Níbì kan, ó dúró gbọn-in. Yaqub fẹ́ fi ipá tẹ̀ ẹ́.

"Má tẹ̀ ẹ́," Sàrátù sọ, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀. "Yí i padà, kó o tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ tirẹ̀, á wọlé fúnra ẹ̀."

Ṣóòkù wọlé jẹ́jẹ́, ó jókòó sí ààyè rẹ̀ láìyọrí síta. Àwọn méjèèjì gbọ́ pé "ẹ" ti di "o". Kò sẹ́ni tó gbé ọwọ́ kúrò.

"Má yìn ín láìsí ṣóòkù lẹ́nu ẹ̀ o," Sàrátù ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ìlà inú ẹ̀ á bàjẹ́."

"Mo gbọ́. Ohun kan ṣì kù tí mo fi pa mọ́ fún ẹ."

Ara Sàrátù le. "Ó tún kù?"

"Ọjọ́ kejì tí mo wá, ìbọn ni mo wá wò. Láti ọjọ́ kẹta, ìwọ ni."

"Ìyẹn, mo ti mọ̀. Ṣé o ní ìyàwó nílé?"

"Rárá."

"Ọmọ níta?"

"Rárá."

"Jẹ́nótàìpù ẹ̀jẹ̀ ẹ ńkọ́?"

"AA ni. Ìwé ẹ̀ wà nílé."

"Èmi fúnra mi á mú ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò mìíràn ní Festac."

Yaqub rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọlọ́pàá mi! Ọjọ́ wo ni?"

"Lọ́la."

Lẹ́yìn Ìtùnú Ààwẹ̀ ni wọ́n so yìgì wọn. Alhaji Múrítàlá, tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún, ló wọ yàrá wá pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì láti bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó gba Yaqub ní ọkọ. Sàrátù dákẹ́. Ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Wùnmí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbọ̀nwọ́ gún un, tí àwọn ẹlẹ́rìí sì ń wo ara wọn.

"Ẹ má bínú," ó ní, ó nu ojú. "Inú mi dùn ni, kì í ṣe pé mò ń ṣiyèméjì. Mo gbà á, Bàbá. Mo gbà á, mo sì gbà á gbọ́."