Ìkúnlẹ̀ Lórí Kápẹ́ẹ̀tì

"Ta ló da omi gbígbóná sí epo pupa?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Ọlásúnkànmí, ọkùnrin tó ń fọ kápẹ́ẹ̀tì, bá Tóyọ̀sí sọ nìyẹn. Kò tíì kí i. Kò tíì bọ́ bàtà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ ní Broughton, nílùú òyìnbó, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dání, ó ń wo kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ mílíìkì bí ẹni tó ń wo òkú ẹbí rẹ̀.

"Èmi ni," ni Tóyọ̀sí wí. "Mo sì da bílíìṣì lé e."

"Bílíìṣì! Sístà, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

"Bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn."

Òótọ́ ló sọ. Lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà l'Ábẹ́òkúta. Bí ọbẹ̀ bá dà sílẹ̀, omi gbígbóná, ọṣẹ, ìgbálẹ̀, ó parí. Ta ló sọ fún un pé àwọn kan wà láyé tí wọ́n ń lẹ aṣọ mọ́lẹ̀ láti ògiri dé ògiri, tí wọ́n tún ń gbé oúnjẹ kọjá lórí ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọbẹ̀ ọ̀hún ṣe dà. Tóyọ̀sí ń gbé abọ́ ọbẹ̀ ata bọ̀ láti kíṣìnnì, ọwọ́ rẹ̀ kàn là, abọ́ bọ́. Kò pariwo, kò fò sókè. Ó dúró, ó ń wo epo bó ṣe ń wọlẹ̀. Bó ṣe wà nìyẹn fún oṣù mẹ́jọ, láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Orí fóònù ló ti wo ìsìnkú náà, ní yàrá ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ ní care home, ilé ìtọ́jú arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́, kó tó padà lọ fi síbí bọ́ arúgbó kan. Kò sunkún. Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì bàjẹ́. Ohun yòówù tí wọ́n bá bi í, ìdáhùn kan ló ní.

Ṣé kí wọ́n po tíì fún un? "Ó dáa." Ṣé òtútù ń mú un? "Ó dáa." Ṣé yóò fẹ́ Adéolú, ọmọ dókítà tó ń gbé ní Ramsbottom? "Ó dáa."

Bí Àǹtí Ọlábísí, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ni ilé, ṣe ní kí àwọn òbí Adéolú máa bọ̀ wá tọrọ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn. Ọjọ́bọ sì lòní.

"Súnkànmí!" Àǹtí pariwo láti òkè. "Àwọn èèyàn yẹn ti wà nílùú yìí kí wọ́n tó bí ẹ! Wọn ò gbọdọ̀ rí epo nílẹ̀ mi o!"

"Wọn ò ní rí i, mà." Ó ju aṣọ funfun kan sí Tóyọ̀sí. "Ẹ kúnlẹ̀, Sístà. Omi tútù, ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́, díẹ̀. Ẹ má nù ún o. Bí ẹ bá nù ún, á tàn. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́."

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́.

"Bí ìyá yín bá rí iṣẹ́ ọwọ́ yín yìí, kí ni wọ́n máa wí?"

Tóyọ̀sí ronú. "Wọn á ní, 'Tóyọ̀, ọwọ́ rẹ nìyí àbí tẹni tó ń sùn?'" Ó tún tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. "Wọ́n ti kú."

Súnkànmí kò sọ pé Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ó gba aṣọ tó ti pọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní tuntun.

Lọ́jọ́ Fúráìdé, Tóyọ̀sí pè é. "Epo yẹn ti padà wá."

Láti Salford Quays, níbi tó ti ń fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì, ló ti wá, ìyàlẹ́nu ni pé kò bínú. "Epo tó bá ti wọ ìsàlẹ̀, bí òkè bá gbẹ, á tún gòkè wá. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni." Wọ́n tún kúnlẹ̀. Epo lọ. Ojú ibi tí bílíìṣì ti jẹ kò lọ. "Ìyẹn kọjá agbára mi," ni Súnkànmí wí, "ẹ gbé àga lé e." Kò wá dìde. "Tóyọ̀sí, jẹ́ kí n yé pè ọ́ ní ẹ̀yin."

"Ó dáa."

"Mo fẹ́ràn rẹ."

"Ó dáa."

"Ó dáa bí i ti tíì ni, àbí ó dáa bí i ti ọkọ?"

Tóyọ̀sí wo inú ara rẹ̀. Ibẹ̀ dá wáí. "Mi ò mọ̀. Kò sí nǹkan kan tí mò ń mọ̀ lára, Súnkànmí."

"Mo rí i. Mi ò ní kí o mọ̀ ọ́n lónìí. Ṣùgbọ́n tí kò bá dáa, má sọ fún wọn lọ́la pé ó dáa."

Sátidé dé. Bàbá Adéolú wọ kóòtù, ìyá rẹ̀ wé gèlè tó ń kan fìtílà, Adéolú jókòó bí ẹni tí wọ́n gbé wá pọ̀ mọ́ àga. Àǹtí ń rẹ́rìn-ín, àbàwọ́n ò sí, àga ti jókòó lé ojú ibi tí bílíìṣì jẹ. Gbogbo nǹkan ń lọ geerege. Ni Mọ́mì Adéolú bá na ọwọ́ sókè pé "Halelúyà!", ife Ribena inú ọwọ́ náà sì gba halelúyà ọ̀hún.

Ribena dà gbàá! Bàbá Adéolú fa áńkáṣíìfù yọ. Àǹtí, Àǹtí tó bú Tóyọ̀sí fún ọjọ́ mẹ́ta, sáré gbé kẹ́tùlù omi gbígbóná bọ̀!

"Ẹ má nù ún!"

Tóyọ̀sí wẹ̀yìn wo ẹni tó pariwo. Òun fúnra rẹ̀ ni. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun, níwájú ẹsẹ̀ Mọ́mì Adéolú, ó ń tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ wo ìkúnlẹ̀ ọmọ!" Mọ́mì Adéolú gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí. "Ó ti kúnlẹ̀ fún wa! Ìyàwó wa, wàá bí ako, wàá bí abo!"

"Àmín!" ni Àǹtí wí, tòun ti kẹ́tùlù.

"Kò tún sí ọ̀rọ̀," ni Bàbá Adéolú wí. "Ó ti gbà."

Àdúrà ń lọ. Ó ti dé orí ìbejì. Tóyọ̀sí la ẹnu nísàlẹ̀ ọwọ́ yẹn, gbogbo wọn tẹ́tí láti gbọ́ "Ó dáa" tó máa ń sọ.

"Ẹ má bínú, mà. Kápẹ́ẹ̀tì ni mo kúnlẹ̀ fún. Mi ò fẹ́ Adéolú."

"Halelúyà!"

Adéolú ni. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ látàárọ̀. Ìyá rẹ̀ yíjú sí i. "Mọ́mì, èmi náà ò fẹ́. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n sinmi, ni mo bá ní ó dáa."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Àǹtí jókòó. "Kí ni mo máa sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́run?"

"Ẹ ní mo ní mi ò fẹ́."

Àǹtí wò ó títí. "Ohùn ìyá rẹ nìyẹn," ló wí, ó sì gbé kẹ́tùlù padà sí kíṣìnnì.

Tóyọ̀sí dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú nínú ìkúnlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń padà sí i, ó ń ta á bí abẹ́rẹ́. Ó di ògiri mú, ó jẹ́ kó máa dùn ún. Ó gbé fóònù.

"Kí ló tún dà sílẹ̀?" ni Súnkànmí bi í.

"Kò sí. Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Máa bọ̀."

"Ṣé kí n gbé ẹ̀rọ dání, Tóyọ̀ mi?"

"Gbé ara rẹ wá."