Ọ̀rọ̀ Tí Àṣírù Sọ Nílé Géèmù

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún ọdún 1999, Pamílẹ́rìn Ọládiípọ̀ kú ní Ìlọrin. Ibà táífọ́ọ̀dù ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Wọ́n sin ín síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kò kúrò ní Ìfọ́n, nítorí òbí kì í fojú rí sàréè ọmọ. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Àṣírù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Ìlobù, tó gbọ́, nínú kíláàsì. Kò sunkún. Ó ṣí ìwé sí ojú ewé tí olùkọ́ ní kí wọ́n ṣí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí ó ti lọ sọ fún bàbá Pamílẹ́rìn láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, kò sì tíì sọ ọ́.

Ilé géèmù Bíọ́dún ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní Ìfọ́n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Matthew kápẹ́ńtà. Bíọ́dún ní tẹlifíṣọ̀n kan, ẹ̀rọ géèmù kan, àti jẹnẹrétọ̀ tí ó máa ń wúkọ́ bí arúgbó. Níbẹ̀, kálukú ló ní kíláàbù tirẹ̀, orúkọ kíláàbù náà ni wọ́n sì fi ń pè é. Àṣírù ni Inter Milan, nítorí ọmọ Nàìjíríà kan ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ nígbà náà. Bí ó bá ti wọlé, ẹni tó bá ń fi Inter gbá bọ́ọ̀lù ní láti dìde fún un. Pamílẹ́rìn ni Juventus.

Òfin kan ṣoṣo ni Bíọ́dún ṣe: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe "ilẹ̀" nínú ṣọ́ọ̀bù òun. Ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n ti dàgbà ju gbogbo wọn lọ, ọmọ ìlú méjèèjì ló sì ń wá síbẹ̀. Nítorí náà, agbábọ́ọ̀lù kì í ṣubú lulẹ̀ lọ́dọ̀ Bíọ́dún. "Pápá" ni ó máa ń ṣubú sí. Àwọn ọmọ a máa fi òfin náà ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń pa á mọ́.

Ní Sátidé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta, Inter na Juventus ní ọ̀sán gangan. Nígbà tí ó di góòlù mẹ́ta sí òdo, Pamílẹ́rìn ní pádì tí òun fi ń darí géèmù ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe òun. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àṣírù gbá ìkẹrin wọlé, ó sì dìde. Ó rántí òfin Bíọ́dún. Ó rántí rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ ọn lẹ́nu jù.

"Juve, ilẹ̀ yín ti di tèmi," ni ó wí sókè. "Ẹ kó ẹrù yín."

Lábẹ́ ìbòòji ìta, Matthew àti àwọn àgbà mẹ́ta ń sọ̀rọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ náà gan-an lọ́wọ́. Ayùn Matthew dákẹ́. Kò pẹ́ tí ó fi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló sọ ọ́?"

Bíọ́dún ní eré bọ́ọ̀lù lásán ni. Matthew kò wo ibi tó wà. Àṣírù mọ̀ pé bí òun ọmọ Ìlobù bá jẹ́wọ́, òun ò ní fi ẹsẹ̀ ara òun rìn délé. Ó tẹjú mọ́ pádì ọwọ́ rẹ̀. Pamílẹ́rìn ló dọ̀bálẹ̀.

"Èmi ni, sà. Ẹ má bínú."

Matthew na ìka sí i. "Ìwọ, ọmọ Ọládiípọ̀? Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn."

Ọmọ Ìlobù ni Mọ́ríátù, ìyá Pamílẹ́rìn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti dé agbo ilé. Àwọn ìyàwó ilé ń bi í bóyá ilé ọkọ ló wà, àbí ó wá bá àwọn bàbá rẹ̀ ṣọ́ ilẹ̀ ni. Bàbá Pamílẹ́rìn, tíṣà tí kì í pariwo, kò na ọmọ rẹ̀. Ó ní kí ó lọ máa kàwé lọ́dọ̀ àbúrò òun ní Ìlọrin, títí inú ará ilé yóò fi rọ̀.

Lọ́jọ́ tí ó ń lọ, Pamílẹ́rìn ní kí Àṣírù lọ rí bàbá òun.

"Inter, bàbá mi kì í na ọmọ ọlọ́mọ. Ṣáà lọ sọ fún un."

Àṣírù ní òun á lọ ní Sátidé. Sátidé dé, ó ní òjò ṣú. Ní Sátidé kejì, ó dé ẹnu ọ̀nà tíṣà, ó dọ̀bálẹ̀. Tíṣà bi í pé ṣé kò sí nǹkan. Ó ní kò sí, pé òun kàn ní kí òun wá kí wọn ni. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Àṣírù mọ òwe náà, ó ti kọ ọ́ rí nínú àròkọ. Ó ṣì ń sún un síwájú títí di oṣù karùn-ún.

Lọ́jọ́ Ajé tí ó gbọ́ ikú náà, ó gba Ìfọ́n lọ láti ilé ìwé. Ó bá Mọ́ríátù níwájú páálí ẹrù Pamílẹ́rìn tí wọ́n gbé dé láti Ìlọrin. Ó kí i pé ẹ kú àmúmọ́ra. Lẹ́yìn náà ó jẹ́wọ́ pé òun ló sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà nílé géèmù.

"Mo mọ̀," ni Mọ́ríátù wí. "Pamílẹ́rìn sọ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an."

"Ẹ ò sọ fún Bàbá, mà?"

"Èmi ọmọ Ìlobù, kí n fẹnu ara mi sọ pé ọmọ Ìlobù ló sọ ọ́? Ta ni ìbá gbà mí gbọ́? Pamílẹ́rìn náà ní kí n má sọ ọ́. Ó ní kí n mú sùúrù, pé o ń bọ̀ wá sọ ọ́ fúnra rẹ." Ó gbá eruku orí páálí náà dànù. "Ká ní o ti wá, ọjọ́ náà ni bàbá rẹ̀ ìbá ránṣẹ́ pè é wálé."

Àṣírù wọlé lọ bá tíṣà, ó dọ̀bálẹ̀, ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tíṣà gbọ́ ọ tán. Ó ní ó dára. Ó ní kí ó máa lọ sílé, pé ilé ìwé wà lọ́la.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ni ti Àṣírù mú ọ̀ràn bá. Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ tí ẹnu yín bá sọ, ẹnu yín ni kó jẹ́wọ́ rẹ̀, kó sì jẹ́wọ́ nígbà tí ìjẹ́wọ́ ṣì wúlò fún ẹnìkan.

Ohun tó wà nínú páálí náà nìyí: ṣòkòtò ilé ìwé méjì, bàtà kan tí kò ní okùn, ìwé Bàọ́lọ́jì tí wọ́n fi kàlẹ́ńdà bò, ìpara ìdajì ike, káàdì ilé ìwòsàn, aṣọ ìbora kan, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọ̀.