Ojú Ìyá Adùnọlá

Jígí náà kò fọ́, ojú tó wà lára rẹ̀ ni kò sí mọ́.

Àǹtí Adùnọlá gbé jígí àwòrán ìyá rẹ̀ tó ti kú, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò láyé àtijọ́, wá sọ́dọ̀ Bàbá Oyèníran, ayàwòrán ní Sábó, lọ́sàn-án ọjọ́ kẹwàá ààwẹ̀, lọ́dún 1975, kó bá òun fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀. Fọ́tò ìyá náà mìíràn kò sí láyé. Nígbà tó fi máa padà wá ní ìrọ̀lẹ́, àwòrán ti bọ́.

"Mùktárù ọmọṣẹ́ mi ni," Bàbá wí, ó ń jẹ obì. "Àwa méjì la jọ ń tún jígí ṣe."

Abọ́dúndé, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí Àǹtí pè wá, kò béèrè ìkejì. Bàbá ló ya fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀. Ó ti Mùktárù mọ́lé. Ọkùnrin náà ń gbààwẹ̀, kò fẹnu kan omi títí oòrùn fi wọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá, Abọ́dúndé ké sí Adéníran, ayàwòrán òdìkejì títì, tó ti yà síbẹ̀ lọ́sàn-án àná.

"Èmi kẹ̀? N ò mọ ẹ̀yìn, n ò mọ iwájú lára jígí ayé àtijọ́. Bàbá ló máa ń fahọ́n tọ́ igun rẹ̀ wò. Ojú tó bá lẹ̀ mọ́ ahọ́n ni àwòrán wà. Bí Mùktárù náà ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Kí ló lè yọ ọ́ báyìí?"

"Omi gbígbóná. Omi tútù la fi ń fọ̀ ọ́. Bàbá ló ń kìlọ̀ ẹ̀ fún gbogbo wa."

Abọ́dúndé gbé jígí náà sójú fèrèsé. Omi kò dé igun kan. Àmì ahọ́n wà níbẹ̀, ó pọ́n bí obì. Adéníran kì í jẹ obì. Inú máa ń run ún tó bá jẹ ẹ́.

Abọ́dúndé ní kí Adéníran máa lọ, ó wọ yàrá inú lọ bá Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í jẹ obì lọ́sàn-án."

Bàbá tu obì ẹnu rẹ̀ sílẹ̀.

"Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ọmọ mi. Mo rò pé ẹrẹ̀ ṣì kù. Kò bọ́, mo bá da omi tíì mi tó gbóná sí i. Èmi tí mo kọ́ gbogbo Sábó! Ikú yá ju ẹ̀sín."

"Ẹ̀sín yín lẹ gbé ru Mùktárù, sà." Ojú ti Abọ́dúndé náà bó ṣe ń sọ ọ́, torí ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tì í mọ́lé.

Wọ́n jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mùktárù jáde, ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Mo ti mọ̀ látàná, sà. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá yín tún ibi tẹ́ ẹ bá fò ṣe. Mi ò kàn lè sọ ọ́ lójú ọlọ́pàá."

Bàbá gbé e dìde. Abọ́dúndé wo ilẹ̀.

Nígbà tí Bàbá jẹ́wọ́ fún Àǹtí Adùnọlá fúnra rẹ̀, Àǹtí kò bú u. Ó gba jígí òfìfo náà, ó fi ìborùn wé e.

"Bàbá," ó ní, "ẹ ò bá ti sọ ọ́ lánàá. Èmi ò bá ti sunkún tán."