Ọjọ́ Tí Bùràímọ̀ Fẹ́ Sọ Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá Kalẹ̀ Nílé

Láàárọ̀ Sátidé kan ní Ìbà, ẹsẹ̀ méjì ni Mùsítúrà kọ́kọ́ rí nígbà tó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ni. Ìyókù ara Bùràímọ̀ wà lábẹ́ mọ́tò.

"Bàbá Bàrákátù, kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Ẹ́ńjìnnì ni mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀," ni Bùràímọ̀ dáhùn, tí ohùn rẹ̀ ń dún bíi ti ẹni tó wà nínú àmù. "Kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán. Fi wá sílẹ̀ ká ríṣẹ́ ṣe, jàre."

Fọ́kísíwágìn àtijọ́ tí gbogbo ayé ń pè ní ìjàpá ni mọ́tò náà. Bàbá Bùràímọ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. Nígbà ayé rẹ̀, iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń to irú mọ́tò yìí pọ̀ lójú ọ̀nà Bádágírì ni bàbá náà ti ṣiṣẹ́, fúnra rẹ̀ ló sì máa ń tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ìjàpá wà, abẹ́ ni wọ́n sì ń gbà yọ ọ́. Bí kílọ́ọ̀ṣì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà bá jẹ, àfi kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ jáde.

Bùràímọ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, síbẹ̀ kò tíì fọwọ́ ara rẹ̀ tú u rí. Ó wù ú kó ṣe é, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré láyé.

Ó sì ti di dandan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, bó bá tẹ̀ ẹ́ kó sáré, ẹ́ńjìnnì á máa ké tantan, mọ́tò á máa wọ́ nílẹ̀. Lọ́jọ́ tóun àti ìyàwó rẹ̀ ń ti Ìjànikin bọ̀, obìnrin kan tó gbé igbá ẹ̀fọ́ rù kọjá wọn, ó tún yíjú padà kí wọn pé ẹ kú ìrìn.

Ọláńrewájú, aládùúgbò wọn, ni olùrànlọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, iṣẹ́ títún tẹlifísàn ṣe ló ń ṣe lọ́jà Àlàbá. Ó da agolo mílíìkì ńlá kan dé sábẹ́ mọ́tò, ó gbé fóònù rẹ̀ lé e lórí kí Bùràímọ̀ lè máa wo fídíò bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

"Òyìnbó inú fídíò yìí ò lò ju wákàtí kan lọ, ẹ̀gbọ́n! Wákàtí kan péré!"

Mùsítúrà wo mọ́tò náà yí ká. Wọ́n ti yọ táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Orí búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n mọ fẹ́ǹsì ni wọ́n gbé ẹ̀yìn mọ́tò lé, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, lórí iyanrìn. Òórùn bẹntiróòlù sì ń jáde lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìkòkò ẹ̀wà òun fúnra rẹ̀ ń hó lórí iná èédú, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ síbẹ̀.

"Láńre, ṣé búlọ́ọ̀kù yìí á gbà á?"

"Ẹ̀yin náà, ìyá! Búlọ́ọ̀kù tó ń gbé ilé ró, ṣé ìjàpá ni kò ní lè gbé?"

Mùsítúrà ò bá a jiyàn. Ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀wà rẹ̀ lọ síwájú ilé, tòun ti iná. Ó wá so gèlè rẹ̀ le, ó gba ẹnu géètì jáde.

Ilé kẹta sí tiwọn ni Yẹ́misí Akínṣọlá ń gbé. Mẹkáníìkì ni Yẹ́misí, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Òkòkómáíkò. Bùràímọ̀ ló kọ́ ọ ní ìwé kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Tíṣà ló sì ń pè é títí dòní. Nígbà tí Mùsítúrà ṣàlàyé ohun tó rí, Yẹ́misí ò tiẹ̀ dúró wọ bàtà gidi. Sílípáàsì ló wọ̀ tẹ̀ lé e.

Ó dé, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá Láńre."

"Yẹ́misí, o káre!" ni Bùràímọ̀ wí lábẹ́ mọ́tò. "O wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde díẹ̀ ná. Mo fẹ́ bi búlọ́ọ̀kù yìí léèrè ọ̀rọ̀ kan."

"Búlọ́ọ̀kù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tó bá dáhùn dáadáa, ẹ ó padà sábẹ́ ẹ̀."

Bùràímọ̀ rẹ́rìn-ín, ó rá pálá jáde, ó gbọn iyanrìn lára. Yẹ́misí ní kí gbogbo wọn sún sẹ́yìn. Ó wá lọ síwájú mọ́tò, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, ó mì ín lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ wò ó, agbára tí èèyàn fi ń tú nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà nìyí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó tún mì ín lẹ́ẹ̀kejì.

Pàá! Búlọ́ọ̀kù kan là sí méjì. Ìdí mọ́tò fì, ó sì já lulẹ̀ gbìì. Iyanrìn bo gbogbo wọn lójú.

"Fóònù mi!" ni Ọláńrewájú ké.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò, agolo mílíìkì ti tẹ́ pẹlẹbẹ bí àwo. Fóònù lẹ̀ mọ́ ọn lórí, ó ti ká kò.

"Ẹ má bínú o, Bọ̀dá Láńre," ni Yẹ́misí wí. "Mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

"Òyìnbó inú fídíò ti lọ," ni Ọláńrewájú fèsì. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde dáadáa.

Bùràímọ̀ ò wo fóònù. Páálí tó tẹ́ sílẹ̀ fi sùn ló ń wò. Ibi tí agolo wà gan-an kángun sí ibi tí àyà rẹ̀ wà ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn. Ó jókòó lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mùsítúrà wá dúró tì í, ó gbọ́wọ́ lé e léjìká.

Nígbà tó yá, Bùràímọ̀ gbójú sókè. "Yẹ́misí, ṣé kí n gbàgbé ẹ̀ ni?"

"Rárá o, Tíṣà! Iṣẹ́ tó ṣeé ṣe nílé ni. Ọ̀nà tí ẹ gbé e gbà ni kò dáa. Tí ògiri bá jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, gbogbo ara rẹ̀ ló ń tẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni mọ́tò máa ń tẹ̀ ní tiẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kì í sì í kígbe kó tó fọ́."

"Ká ní jáàkì ni a fi sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ ńkọ́?" ni Ọláńrewájú béèrè.

"Iṣẹ́ jáàkì ni kó gbé mọ́tò sókè. Tó bá ti gbé e tán, irin ẹlẹ́sẹ̀ tí àwa mẹkáníìkì fi ń gbé mọ́tò dúró ló yẹ kó dì í mú. Èèyàn kì í sùn sábẹ́ jáàkì."

Lẹ́yìn ìrun Ayílá lọ́sàn-án, Yẹ́misí kó irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì àti jáàkì ńlá kan tó ń yí nílẹ̀ dé nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà. Ó ti wọ bàtà gidi báyìí. Wọ́n dá táyà padà, wọ́n ti ìjàpá kúrò lórí iyanrìn lọ sórí sìmẹ́ǹtì. Ìkòkò ẹ̀wà ti kúrò níná ní tiẹ̀, ó ti wọ ilé ìdáná. Yẹ́misí fi igi há táyà iwájú kó má baà yí, ó gbé ẹ̀yìn sókè, ó sọ ọ́ lé irin, ó sì mì ín. Mọ́tò ò mira.

"Ó ti dáhùn," ni Bùràímọ̀ wí. Gbogbo wọn wá rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tú okùn bátìrì kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Wọ́n dí ẹnu páìpù epo, wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì gbe èyí tó ń kán, wọ́n dé e, wọ́n gbé e jìnnà. Ọláńrewájú lẹ bébà mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan, ó kọ ibi tó ti wá sára rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè kọ́ ọ.

Ó wá ku ẹ́ńjìnnì. Ó wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì lọ. Yẹ́misí ti jáàkì sábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì tó mú un, ó wá gbé sípánà lé Bùràímọ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin lẹ máa tú èyí tó kẹ́yìn, Tíṣà."

Bùràímọ̀ tú u. Ẹ́ńjìnnì sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Bùràímọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní òógùn ni.

Ọláńrewájú bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ fẹnu fẹ́ eruku dúdú tó wà lára kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Yẹ́misí yára dá a dúró.

"Ẹ má fẹ́ ẹ! Eruku yìí lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ bo imú yín, ká fi aṣọ tútù nù ún."

Kí oòrùn tó wọ̀, kílọ́ọ̀ṣì tuntun ti wọlé, ẹ́ńjìnnì ti padà sípò. Wákàtí márùn-ún ni wọ́n lò. Lọ́jọ́ kejì, tọkọtaya náà wa ìjàpá lọ sí Ìyànà Ìbà. Ó ń sáré bí ọmọdé tí wọ́n rán níṣẹ́ tó fẹ́ràn. Bùràímọ̀ ń fun fèrè lemọ́lemọ́, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́nì kankan níwájú wọn.

"Ta lẹ ń fun fèrè fún?" ni Mùsítúrà béèrè.

"Ara mi ni mo ń fun ún fún."

Ẹ̀yin ará wa ní Ọ̀jọ́, Ìbà, Òkòkómáíkò àti agbègbè rẹ̀, a kò ní kí ẹ má tún mọ́tò yín ṣe nílé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, kó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wọ abẹ́ mọ́tò tó wà lórí búlọ́ọ̀kù, òkúta tàbí jáàkì nìkan. Irin ẹlẹ́sẹ̀ ni kí ẹ lò, lórí ilẹ̀ tó le, kí ẹ sì mi mọ́tò náà kí ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ tú bátìrì. Ẹ gbé iná jìnnà sí epo. Bí ẹ bá ń sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ẹ fi jáàkì gbà á kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì, ẹ má sì dá nìkan ṣe é. Ẹ má da ọ́ìlì àlòkù sí gọ́tà, torí omi kànga wa ló ń lọ bá. Bí ẹ kò bá ní irinṣẹ́, ẹ yá a lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tàbí kí ẹ pè é wá. Fídíò lè fi iṣẹ́ hàn yín, kò lè rí ohun tó wà lábẹ́ mọ́tò yín.

Bí ẹ bá sì ń ka ìtàn yìí báyìí, tí mọ́tò kan wà lórí búlọ́ọ̀kù lágbàlá yín, ẹ dìde, ẹ lọ sọ ọ́ kalẹ̀ ná.