Ẹni Tó Ki Àbẹ̀ḿbí Lórí Fóònù

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ọjọ́rú kan ní Agbowó, Ìyá Fáìzàh ń ṣa ẹ̀wà lójúde. Ìka ló fi ń wá òkúta inú rẹ̀, torí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Fóònù dún.

“Àbẹ̀ḿbí! Ọmọ Èṣó Ìkòyí tí kì í gbọfà lẹ́yìn! Sàláwù ni o, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín ní Àpáta. Òtútù ló há mi lóhùn.”

Orí ìyá wú. Ta ló máa mọ oríkì bàbá ẹni bí kò ṣe ẹbí? Kò rántí pé Fáìzàh, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà, ti gbé fídíò ọjọ́ ìbí ìyá sórí Fesibúùkù, níbi tí wọ́n ti kì í délẹ̀.

“Wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ bàbá yín! Owó lọ́ọ́yà gbọ́dọ̀ wọlé kí aago márùn-ún tó lù. Ti báńkì á pẹ́ jù. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà Fáìzàh. Mà á fi àmì kan tó máa fi han ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí i, kó lọ fi dọ́là sínú ẹ̀rọ bítíkọ́ìn ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò wọn. Ẹ má sọ fẹ́nìkan o, ará ilé ló ń tà á.”

Ìyá fún un ní nọ́ńbà, ó sì pe Fáìzàh pé kó ṣe bí ó bá ṣe wí. Kò pẹ́, Fáìzàh pè láti iwájú ẹ̀rọ náà.

“Màmá, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ẹ̀rọ yìí: bí ẹnìkan bá pè yín pé kí ẹ wá sanwó níbí, ẹ dúró. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe Bùọ̀dá Sàláwù.”

“Ṣé mò ń purọ́ ni? Ẹni tó kì mí tí omi bọ́ lójú mi! Àbí Amẹ́ríkà ti kọ́ ọ láti máa bá ìyá rẹ jiyàn?”

“Ẹ má bínú, mà.”

Ó ń ki dọ́là bọ ẹnu ẹ̀rọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó tó tọ́jú fún iṣẹ́ abẹ ojú ìyá rẹ̀ ni.

Nírọ̀lẹ́, ìyá pe Sàláwù gan-an, lórí nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́, láti bá a yọ̀.

“Ilẹ̀ wo, Àǹtí? Èmi ò pè yín o. Orí ilẹ̀ ọ̀hún ni mo jókòó sí yìí.”

Gbádégẹṣin, ayálégbé wọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, gbọ́ igbe ìyá, ó sáré jáde. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, ó mi orí.

“Màmá, ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ti báńkì. Á gba owó bébà, á yọ tirẹ̀, á sọ ìyókù di owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó ni àmì yẹn. Tó bá ti lọ, kò sí mánẹ́jà tó máa dá a padà.”

Fóònù ìyá tún dún, ó gbọ́ ọ, ó yíjú sí Gbádégẹṣin. “Ẹnìkan ló pè mí yìí. Ó ní bí mo bá san díẹ̀, òun á bá wa gba owó náà padà.”

“Olè kejì nìyẹn, ti àkọ́kọ́ ló fún un ní nọ́ńbà yín! Kí Fáìzàh tọ́jú rìsíìtì, kó pe nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ náà kíákíá, kó fẹjọ́ sun ọlọ́pàá ibẹ̀. Àwa náà á lọ sí EFCC.”

Wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀. Kọ́bọ̀ kò padà. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ dé, ó bá ìyá nílé, ó sì kọjá. Fáìzàh kò bá a wíjọ́ rí, ìyẹn gan-an ló sì ń dun ìyá jù.

Ẹ̀yin ará, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá ń kán yín lójú, tó ní kí ẹ má sọ fẹ́nìkan, ẹ gé fóònù náà, kí ẹ pe ẹbí yín sórí nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí lọ́ọ́yà, ọlọ́pàá tàbí ìjọba tó ń gba owó nínú ẹ̀rọ bítíkọ́ìn. Oríkì kì í ṣe ẹ̀rí. Ó ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún tolè-tolóòótọ́. Bí ọmọ yín bá sì ní “ẹ jẹ́ ká dúró,” ẹ má pè é ní àrífín. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi àṣẹ ẹnu wa da òógùn ọmọ wa nù.