Orúkọ Tí Sista Rosemary Kò Sọ

Lọ́jọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù rán Fada Káyọ̀ wá sí Ifọ̀ láti wádìí ìgbé ayé Sista Rosemary, lẹ́ẹ̀sì funfun ni Àlàájà Múnírátù wọ̀ wá láti Ìbàfò, ó da ìborùn bo orí, tẹ̀sùbáà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sista ti kú láti ìjọ́un. Ìjọ Kátólíìkì fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Mùsùlùmí ni Àlàájà, ọ̀rọ̀ náà kò kàn án, ṣùgbọ́n ó ti pinnu pé òun á jẹ́rìí. Lójú tirẹ̀, bí wọn ò bá ka obìnrin tó bá òun tọ́ Àsmá'ù ọmọ òun mọ́ ẹni mímọ́, ta ni wọ́n wá fẹ́ kà?

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ayé ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ń ṣèjọba ni, tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń fọn fèrè kọjá ní Ifọ̀, tí èèyàn àti ewúrẹ́ ń jókòó pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ọmọ kan bá jẹ́ adití nígbà náà, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń tì í sí tí àlejò bá dé. Sista Rosemary, ọmọ Ẹ̀gbá tó ń gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ eérú, ló ń ti agboolé kan bọ́ sí òmíràn, tó ń béèrè ẹni tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Bó ṣe rí Àsmá'ù nìyẹn. Múnírátù ní òun ò fẹ́ kí wọ́n sọ ọmọ òun di onígbàgbọ́. Sista ò jiyàn. Ó lọ ra ẹní ìkírun àti búta fún ọmọ náà kó tó mú un lọ sí ilé ìwé àwọn adití rẹ̀.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nílé ìwé yẹn, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń pe orúkọ ẹni. Ṣùgbọ́n Sista kì í sọ ọmọ kankan lórúkọ. Ìyá ọmọ ló gbọ́dọ̀ wá lọ́jọ́ ìbẹ̀wò àkọ́kọ́, á wo ojú ọmọ rẹ̀ dáadáa, á mú nǹkan kan níbẹ̀, bóyá àpá iwájú orí, bóyá ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń jìn bó bá rẹ́rìn-ín, á sì fi ọwọ́ ṣe é, ìyẹn á di orúkọ ọmọ náà. Wọ́n á fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, ilé á kún fún ẹ̀rín.

"Ẹni tó bímọ ni kó sọ ọ́ lórúkọ," Sista máa ń wí. "Ta ni èmi tí n óo gbà á ṣe?"

Múnírátù kò lọ. Ó ti sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ta aṣọ lọ́jà pé ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọmọ wà, ojú sì ń tì í kí wọ́n má lọ rí òun níbi tí wọ́n ti ń ju ọwọ́. Ìrẹsì ló ń fi ránṣẹ́, àti ẹ̀pà, àti aṣọ Iléyá. Bí Sista bá ránṣẹ́ pé ìyá ni àwọn ń retí, á ní, "Ṣé oúnjẹ tí mò ń gbé wá ò tó wọn ni?"

Oúnjẹ tó o. Ó tó títí Àsmá'ù fi kọ́ṣẹ́ aránṣọ, tó lọ́kọ, tó bímọ. Àmọ́ títí dòní, nínàka sí nǹkan ni òun àti ìyá rẹ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó dun Àlàájà, ó dùn ún gan-an, kò kàn mọ ibi tí ì bá ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ tí Fada wá yìí, Àsmá'ù ló kọ́kọ́ fi Kùránì búra. Tolúwalọpẹ́, olùkọ́ tí etí tirẹ̀ gbọ́, tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ dàgbà nílé ìwé náà, ń fi ẹnu sọ ohun tí Àsmá'ù ń fi ọwọ́ sọ.

"Ó ní, 'Sista máa ń tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wa sílẹ̀ kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, kí àwa náà lè ti ara ilẹ̀ tó ń mì mọ̀ pé ó ń bọ̀.'"

Àlàájà ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Kò gbọ́ ìtàn kankan látọ̀dọ̀ ọmọ yìí rí.

"Ẹ ṣé, mà," Fada wí. "Wọ́n ní ká béèrè àléébù wọn pẹ̀lú. Ǹjẹ́ Sista ṣẹ̀ yín rí?"

Àsmá'ù fi ọwọ́ dáhùn. Tolúwalọpẹ́ kọ́kọ́ wo Àlàájà kó tó la ẹnu.

"Ó ní, 'Ẹ̀ẹ̀kan péré. Sista dúró de màámi jù. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ti lórúkọ, èmi ò ní. Gbogbo ọjọ́ ìbẹ̀wò ni mo máa ń dúró lẹ́nu géètì. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ sọ mí ní Géètì.'" Tolúwalọpẹ́ pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó sì ṣí wọn. "Orúkọ tí gbogbo wa ń pè é nìyẹn, mà."

Àlàájà dìde. "Fada, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ìyẹn. Ẹ̀bi Sista kọ́. Èmi ni mi ò wá."

"Mo ti búra pé gbogbo ohun tí mo bá gbọ́ ni n óo kọ, Àlàájà. N óo kọ tiyín náà sí i."

Ó kọ méjèèjì. Obìnrin tó wá láti Ìbàfò kó lè gbé Sista ga, òun gan-an ló wá di àléébù Sista.

"Ẹ bá mi bi í," ó wí fún Tolúwalọpẹ́, "ṣé mo ṣì lè sọ ọ́ lórúkọ?"

Àsmá'ù di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú díẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ kó lè dáhùn.

"Ó ní, 'Ẹ má bínú, màámi. Orúkọ tí àwọn ọmọ mi mọ̀ nìyẹn.'"

Nígbà tí wọ́n jáde, Àsmá'ù ṣáájú láti lọ wá ọkọ̀. Àlàájà fẹ́ pè é padà kí wọ́n jọ dé ibojì Sista. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó ṣí i. Ó tún un ṣe, ó gbé e sókè díẹ̀ sí i, ọwọ́ rẹ̀ le, kò tíì mọ́ ọn lára. Àsmá'ù kò wẹ̀yìn. Géètì ilé ìwé ló kọjú sí, ìyá rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn, ó ń pè é.